Wọ́n Gé Okùn Ọkọ̀ Àsopọ̀ Wa, Wọ́n Fi Ìdajì Rẹ̀ Ṣe Ilé Bíà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó ń dáná, kó dín iná rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà, kó sọ̀ kalẹ̀ ná kó tó máa ka fóònù. Ohun tójú mi rí lẹ́nu ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yìí, bí n kò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́.

Inú ń bí mi o! Mo ti kírun, mo ti mu omi tútù, ọmọ mi obìnrin ti ní kí n lọ sinmi, inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ mi lè lórí, kó sì nídìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Ìjòkú ni ilé wa ní Ṣàgámù, obì sì ni bàbá mi tà tó fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n igi obì kì í hù láàárín ìlú. Abúlé kan létí odò ni oko wa wà, òdìkejì omi sì ni àwọn igi náà dúró sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè fẹsẹ̀ la odò náà kọjá, omi ò ní ju orúnkún yín lọ. Tí òjò bá dé ńkọ́? Áà! Á fẹ̀, á pupa, á máa gbé odidi igi lọ bí ẹni gbé koríko. Ìparí òjò, nígbà tí omi bá kún jù, ìgbà yẹn gan-an sì ni obì ń gbó.

Ohun tí a fi ń sọdá ni ọkọ̀ àsopọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè máa bi mí pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ igi méjì ni, tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a gbé ọ̀pá ọparun dábùú wọn, tí a wá fi okùn dì wọ́n pa. Àárín wọn ṣí sílẹ̀, omi ń gba ibẹ̀ kọjá. Orí ọparun yẹn ni ẹrù ń jókòó sí. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ obì ńláńlá sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo nígbà tí omi ń sáré, kí ẹ wo bó ṣe máa yí dànù. Àsopọ̀ kì í yí ní tirẹ̀. A ti fi gbé àgbò Iléyá. A ti fi gbé ìyàwó tòun tẹrù. A ti fi gbé ọ̀kadà, tòun ti ọlọ́kadà tó jókòó lórí rẹ̀, tó dijú pa, tó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi tí òun bá rí ilẹ̀!

Bàbá tó bí ìyá mi ló sọ fún mi bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ọkùnrin méjì kan ń tukọ̀ létí odò yẹn láyé àtijọ́, wọn kì í sì í kí ara wọn. Oníkálukú ní ọkọ̀ tirẹ̀, oníkálukú ń já èrò gbà mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ lábúlé, òdìkejì ni wọ́n ti gé igi òpó rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gbé òpó kan, omi gbà á. Ẹnì kejì rẹ́rìn-ín rín in, ó gbé tirẹ̀, omi gba òun náà. Ni Lẹ́mọ́mù bá bínú, ó ní kí wọ́n so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n gbé òpó lé e láàárín.

Wọ́n so ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé àárín odò, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí lẹ rò pé wọ́n ṣe? Oníkálukú dojú kọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń gbọ́n omi tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tukọ̀! Díẹ̀ ló kù kí gbogbo wọn lọ. Ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ni Lẹ́mọ́mù wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kí wọ́n pààrọ̀ ìjókòó. Ẹni tó ni ọkọ̀ ọ̀tún, kó lọ jókòó sínú tòsì. Ẹni tó ni tòsì, kó wá sínú tọ̀tún. Ọkọ̀ ẹnì kejì rẹ ni wàá máa wà, ìwọ ni wàá máa gbọ́n omi inú rẹ̀, tó bá sì jò, ìwọ ni wàá dí i.

Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn o. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà.

Láyé tèmi, èmi àti Sàlámì la jọ ni àsopọ̀. Àgbẹ̀ obì ni Sàlámì, oko tirẹ̀ náà wà lódìkejì omi, ọmọ abúlé yẹn gan-an, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti ń wẹ̀ níhòòhò nínú odò náà. Ìrókò ni ọkọ̀ tèmi, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Arère ni tirẹ̀, igi fúyẹ́fúyẹ́ tó máa ń tètè jò. Nítorí náà, inú ìrókò mi ni Sàlámì ń jókòó sí, èmi sì wà nínú arère rẹ̀, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Sàlámì á ní ìrókò mi wúwo bí ìwà ẹni tó ni ín. Èmi náà á ní arère tirẹ̀ ń mu omi bí ẹni tó fẹ́ ṣínu nínú Àwẹ̀. Ẹ̀rín ni a fi ń sọdá.

Ìtàn kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó dé ibi ìjà. Ará Íńdíà kan wà, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin lójú títì. Sẹ́lífámù ló ń jẹ́. Tó bá di ọjọ́ Sunday, á gbé ìwọ̀ rẹ̀ wá sétí odò wa, á máa pẹja. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí àsopọ̀ wa, ṣe ló ju ìwọ̀ sílẹ̀ tó fò sókè! “Katumaramu! Katumaramu!” Sàlámì wò mí, ó ní ṣé kì í ṣe pé oòrùn ti ń mú ọkùnrin yìí?

Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó fọwọ́ kan okùn, ó ní “katu”. Ó fọwọ́ kan igi, ó ní “maramu”. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn ní èdè ìyá òun: igi tí a so. Ó ní létí òkun nílùú ìyá òun, gẹdú igi ni àwọn apẹja máa ń so pọ̀ tí wọ́n fi ń wọ inú òkun. Òyìnbó dé ibẹ̀, ó gbọ́ orúkọ náà, ó gbé e lọ sílé, ahọ́n rẹ̀ sì sọ ọ́ di katamaráànù. Ọjọ́ ti pẹ́, wọ́n wá ń fi pe gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ní ara méjì, títí dé orí èyí tó ń fi ẹ́ńjìnnì sáré.

Sàlámì ronú díẹ̀, ó wá ní ṣé pé orúkọ nìkan ni òyìnbó gbé, kò gbé okùn? Ará Íńdíà yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó Sàlámì gbé ìkọ́kọrẹ́ fún un, a rò pé ata á lé e sá. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní ata rẹ̀ kéré!

Ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Àwọn èèyàn tí a ò rí rí, létí òkun tí a ò dé rí, wo ohun kan náà tí a ń wò, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ kan náà. Wọn ò fi igi sọ ọ́, wọn ò fi omi sọ ọ́. Síso tí a so ó ni wọ́n rí.

Sàlámì ṣaláìsí lẹ́yìn Àwẹ̀ tó kọjá. Kí Ọlọ́run fojú àánú wò ó. Mo wà níbi ìsìnkú, mo wà níbi fídáù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi, ọmọ mi obìnrin sì mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìsarà. Dókítà ní kí n má dé ibi eruku, kí n má dé ibi omi. Ibẹ̀ ni mo wà tí òjò fi rọ̀ tó sì ń parí lọ.

Ìyá Wálíù, ìyàwó Sàlámì, wà nínú opó ní gbogbo ìgbà yẹn. Kò jáde nílé. Wálíù, ọmọkùnrin wọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòròdú, ló ń wá wò ó. Láti kékeré ló ti wà ní Ìkòròdú lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, mo rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni fóònù mi dún. Ìyá Wálíù ni. Ó ní, “Bàbá Ràfíù, ọkọ̀ yí dànù o. Obì ti bá omi lọ. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà bá a lọ.”

Mo ní kí ni mo ń gbọ́ yìí? Báwo ni àsopọ̀ ṣe máa yí dànù? Láti ayé bàbá mi, àsopọ̀ kan ò yí rí lódò yẹn!

Ó rọra sọ pé, “Kì í ṣe àsopọ̀ mọ́, Bàbá Ràfíù. Ṣé Wálíù ò sọ fún yín ni?”

Wálíù sọ kí ni fún mi? Ta ló bá Wálíù sọ̀rọ̀?

Ṣé ẹ rí i, Wálíù ti gé okùn. Ìyá rẹ̀ wà nínú opó, èmi wà ní Ìsarà, ni ọmọ yìí bá mú àdá, ó gé okùn àsopọ̀ láàárín, ó gbé ọkọ̀ kan tà fún ọlọ́hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ṣàgámù. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde opó tó bèèrè, ó ní òun àti Bàbá Ràfíù ti jọ sọ ọ́. Irọ́! Irọ́ gbuu! Ìyá gbà á gbọ́, obì sì ti ń bọ́ sílẹ̀ lódìkejì. Kí ni kó ṣe? Oko yẹn ló ń jẹ, oko yẹn ló ń mu. Ó dá wọ arère nìkan, ó di ẹrù sí i, omi sì dà á nù. Ẹ̀ka igi kan ló dì mú tí àwọn èèyàn fi fa òun àti ọkọ̀ náà jáde. Ejìká rẹ̀ yẹ̀.

Ẹ gbà mí! Ṣé dókítà lè dá mi dúró lọ́jọ́ yẹn? Mo wọ mọ́tò.

Mo bá Wálíù lábúlé, ó ń tẹ fóònù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní “Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà.” Mo ní kó má kí mi. Mo ní ta ló ní kó gé okùn yẹn? Ó ní ogún òun ni òun mú. Ó ní ọkọ̀ méjì ló wà, ọ̀kan jẹ́ ti bàbá òun, ọ̀kan jẹ́ tèmi, òun ò sì fọwọ́ kan tèmi. Ó tiẹ̀ ní kí n wò ó létí odò, ọkọ̀ mi wà níbẹ̀ digbí!

Mo wo etí odò. Arère ni mo rí.

Tí mo bá ní kí n sọ tinú mi nígbà yẹn, èpè ló máa jáde. Mo kàn ní kó dìde, kó mú ìyá rẹ̀ dání, kí gbogbo wa lọ sí Ṣàgámù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo ohun tí mo rí ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn! Ìrókò bàbá mi! Wọ́n ti fi pẹ́ńtì búlúù kùn ún. Wọ́n gbé e ka orí irin. Wọ́n fi iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú yí i ká. Yìnyín kún inú rẹ̀, ìgò bíà sì to lórí yìnyín bí ẹja inú agbọ̀n. Bíà! Nínú ọkọ̀ tó gbé àgbò Iléyá! Wọ́n wá kan pátákó mọ́ ọn lára, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: CATAMARAN.

Ọ̀gá ibẹ̀ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ fẹ́ ya fọ́tò ni? Gbogbo èèyàn ló ń ya fọ́tò níbẹ̀.”

Mo ní rárá, ìbéèrè ni mo mú wá. Kí ni ìtumọ̀ ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ yìí?

Ó ní, “Èèbó ni, Bàbá. Ọkọ̀ àwọn olówó ni.”

Mo ní kì í ṣe èèbó. Àwọn apẹja ilẹ̀ Íńdíà ló ni ín, igi tí a so ló sì ń jẹ́. Mo ní ó dáa, ẹ fi hàn mí. Èyí tí ẹ gbé síbí yìí, kí lẹ so ó mọ́? Ẹnì kejì rẹ̀ dà? Okùn rẹ̀ dà?

Àwọn tó ń mutí ti gbé ife sílẹ̀, wọ́n ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ẹ rọra, bíà la so ó mọ́!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí i, mo ní ẹnì kejì ọkọ̀ yìí ló da obìnrin tó dúró lẹ́yìn mi yìí sódò. Kí ó wo ejìká rẹ̀. Kí ó rẹ́rìn-ín ejìká yẹn náà kí n gbọ́.

Ẹ̀rín tán.

Ọ̀gá ní kí n má bínú, ṣùgbọ́n òun ò jalè, ọwọ́ ẹni tó jogún rẹ̀ ni òun ti rà á. Ó nawọ́ sí Wálíù. Wálíù náà gbójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí bàbá òun ń jókòó sí ni òun tà, gbogbo abúlé ló mọ ibi tí bàbá òun ń jókòó sí.

Ni Ìyá Wálíù bá sọ̀rọ̀. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́, mo kàn ń tún un sọ kí gbogbo yín lè gbọ́ ni. Ó ní, “Wálíù, ṣé o bi mí? Mo wà nínú yàrá, ṣé o kan ilẹ̀kùn kí o bi mí? Bàbá ẹ ò jókòó sínú ọkọ̀ tiẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń wà. Ọkọ̀ bàbá yìí lo tà. Tìrẹ ni èyí tó dà mí sómi.”

Ẹ ò rí ojú ọmọ náà. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó wo ìgò bíà. Ó ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?”

Ìyá ní, “Ta lo bi?”

Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì kò jiyàn mọ́. Ó ní kí Wálíù wá bá òun sọ ọ̀rọ̀ owó tó bá yá, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nìyẹn, kò kàn mí. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun kó bíà kúrò, kí wọ́n da yìnyín nù. Mo rò pé ó parí. Mo ti fẹ́ máa dúpẹ́ pàápàá.

Ìgbà tí inú ọkọ̀ gbẹ ni mo rí i. Wọ́n ti lu ihò sí ìdí rẹ̀! Ihò méjì, kí omi yìnyín lè máa rí ibi jò gbà. Mo ki ìka bọ ọ̀kan, ìka mi yọ lábẹ́. Igi tí bàbá mi dáàbò bò, tí Sàlámì dí gbogbo ojú rẹ̀ títí tó fi kú, tí ìkán omi kan kì í wọ̀! Mo bú ọ̀gá yẹn. Mo bú Wálíù. Mo bú ẹni tó ní bíà gbọ́dọ̀ tutù. Nígbà tí mo sọ èébú náà fún ọmọ mi obìnrin, ó ní kò yẹ kí n kọ ọ́ síbí, nítorí náà mi ò ní kọ ọ́.

Wọ́n fi píkọ́ọ̀pù gbé e padà fún wa. Mo sì sọ fún Wálíù pé kó má padà sí Ìkòròdú. Ilé wọn ló ń jókòó sínú ìrókò, ilé wọn náà ló gbọ́dọ̀ dí ihò rẹ̀. Ó gbẹ́ igi, ó kàn án wọlé, ó fi ọ̀dà sí i. Ó jò. Ó tú u, ó tún un ṣe. Ó tún jò. Mo jókòó tì í, mi ò ràn án lọ́wọ́, títí ìdí ọkọ̀ yẹn fi gbẹ.

Àwọn kan ti ń pè mí pé kí n dárí jì í, pé kò mọ̀ ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé àìmọ̀ ló ní kó parọ́ fún ìyá rẹ̀? Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n ṣì bínú díẹ̀ sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú níbẹ̀ ni pé kí ẹ tó gé ohunkóhun tí ẹ bá nílé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí wọ́n fi so ó. Ẹnu lẹ máa fi bèèrè, kò ní ba yín nínú jẹ́! Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti tà nílé yín tí wọ́n rò pé tiwọn ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ń kà á, ojú mi ti ń ríran dáadáa báyìí.

Ẹ sì gbọ́ bí ogún náà ṣe pín. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì jogún pátákó rẹ̀, wọ́n ní ó ti kàn án mọ́ ògiri, kò sí ọkọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Wálíù jogún arère tó jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ló ń jókòó sínú rẹ̀, èmi ló sì ń gbọ́n omi rẹ̀. Ìyá Wálíù jogún àyè ọkọ rẹ̀ nínú ìrókò mi, àti àjẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ń wà á. Ejìká rẹ̀ ti san. Lánàá ni a gbé obì tó kù sọdá, ó ní arère yìí kò yéé mu omi.

Okùn ni èmi jogún. Wọ́n ní kí n ra tuntun, mo kọ̀. Èyí tí Wálíù gé náà ni mo fà wá, mo ta á ní kókó láàárín gbùngbùn, ibi tí ojú rẹ̀ ò ní lè fo kókó náà nígbàkigbà tó bá wá sọdá.